Àkànní, ṣé owó èlé ni o fi rà á?

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Láti ọdún Àjíǹde ni mo ti gbóhùn rẹ kẹ́yìn. Owó oògùn bàbá rẹ kò dé, àbúrò rẹ ló san án. Ìjì ṣí òrùlé ilé ìdáná, a ti tún un kàn.

Ọmọ ìyá aláṣọ ló wálé láti Chicago tó ní mẹ́dààlì àtijọ́ lò ń rà kiri, pé o ti jẹ gbèsè. Mẹ́dààlì kò bà mí lẹ́rù o. Gbèsè ni.

Àbúrò rẹ fi àwòrán tó o fi ránṣẹ́ hàn mí, mẹ́dààlì idẹ tí wọ́n fi dá àwọn tó pàtẹ ọjà lọ́lá níbi ìpàtẹ àgbáyé Chicago ti 1893. Ó ní Saint-Gaudens, agbẹ́gilére ará Amẹ́ríkà, ló ya Columbus tó ń gúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gba ọmọkùnrin oníhòòhò tó yà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ni wọ́n bá gbé ẹ̀yìn fún Barber, oníṣẹ́ ọnà ilé-iṣẹ́ tó ń rọ owó ẹyọ Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ ẹni tí wọ́n fún máa ń wà lára rẹ̀, àbí? Orúkọ ta ló wà lára tìrẹ? Àwọn ará Dahomey tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ fún ìwòran ńkọ́, ta ló ń ra ìrántí tiwọn?

Olóríkunkun ni ọ́! Bó o bá tún fẹ́ ra òmíràn, wọ̀n ọ́n kó o tó sanwó: èyí tí wọ́n fi ojúlówó ṣe àwòkọ, tí wọ́n yọ́ idẹ dà, máa ń kéré díẹ̀, torí idẹ a máa súnkì bó bá ń tutù. Má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, bó bá ti ń dán yanran, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ nìyẹn. Má yáwó rà á, Àkànní.

Ṣé o rántí ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí mo ní olè gbé? Olè kankan kò gbé e. Owó èlé ni mo fi rà á, bàbà tí wọ́n rẹ sínú omi wúrà ni. Nígbà tí olówó èlé fẹ́ dójú tì mí, owó ilé-ìwé rẹ ni mo kó fún un. Bàbá rẹ rò pé ìwọ lo ná an, ó nà ọ́, mo sì dákẹ́. Kò tíì mọ̀ dòní.

Bó o bá jẹ gbèsè, mi ò ní pariwo. Ṣáà sọ iye rẹ̀ fún mi. Pè mí lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ á ti lọ ìpàdé. Má kọ ọ́ sórí fóònù, àbúrò rẹ ló máa ń kà á fún mi.

Ìyá rẹ