Ìdí tí a kò fi ní í máa yá yín ní sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 nìkan mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá wá yá sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 mm lọ́wọ́ wa fún Volkswagen Ìjàpá, a ó kọ́kọ́ bi í pé nọ́ọ̀tù wo ló fẹ́ tú. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí a ó kó lé e lọ́wọ́. Àwọn kan ti ń sọ pé ọgbọ́n àtigba owó kún owó ni. Rárá o. Owó ìyálò kò yí padà.

Ibi méjì ni nọ́ọ̀tù 36 wà lára Ìjàpá. Ọ̀kan wà láàárín dírọ́ọ̀mù bíréèkì ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún lósì. Èkejì ló di flywheel (àgbá irin pẹlẹbẹ eléyín tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì) mọ́ ìdí kíráńkì, òun ni wọ́n ń pè ní gland nut. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ló wọ̀ wọ́n, àmọ́ ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀yìn. Hámà àti ṣíṣẹ́lì lè tú u, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n wọn kò lè dì í débi tó yẹ. Tó bá dẹ̀, eyín inú dírọ́ọ̀mù á máa gún eyín orí áásì. Ẹ ó máa gbọ́ “kò” nígbàkigbà tí ẹ bá fi kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹ ó kó o sí gíà tí ẹ́ńjìnnì á máa ké, tí ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Ìwọ̀n tó yẹ kẹ́ ẹ fi dì í ni ìwúwo 30 kg lórí páìpù tó gùn ní mítà 1, tí ẹ ki bọ ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wọn 60 kg, kó dúró lórí páìpù níbi tó jìnnà sí nọ́ọ̀tù ní 50 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni 75 kg, 40 sẹ̀ǹtímítà. Kí páìpù náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kẹ́ ẹ sì rọra gbé ara lé e. Ẹ má fò lórí rẹ̀! Táyà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kì í ṣe lórí jáàkì, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan há àwọn táyà iwájú. Bí ihò kọ́tà-pínnì (irin tín-ínrín tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú) kò bá ṣe déédéé, ẹ tún dì í síwájú títí yóò fi bọ́ sí i, ẹ má dá a padà sẹ́yìn láé. Pínnì tuntun ni kẹ́ ẹ lò.

Ohun tí a fi ń fa dírọ́ọ̀mù jáde máa ń tẹ̀ lé sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, nítorí ẹni tó bá fi hámà lu etí dírọ́ọ̀mù á là á tàbí kó wọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ dẹ bàtà bíréèkì, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ọ̀tù náà sílẹ̀ lẹ́nu áásì díẹ̀, kí dírọ́ọ̀mù má baà fò lu yín nígbà tó bá já.

Ti flywheel le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n a máa ki sukurudiráífà bọ eyín rẹ̀ kó má baà yí. Eyín á ya, tàbí kí igbá ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ magnesium, sán níbi tí sukurudiráífà ti fara tì í. Irin ìdè tí a ń fún yín máa ń wọ ihò bóòtù ẹ́ńjìnnì, á sì bu eyín mélòó kan jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n ibẹ̀ jẹ́ 30 sí 35 kg lórí mítà 1. Bí ẹ bá dì í kó dẹ̀, pínnì 4 tó wà láàárín flywheel àti kíráńkì á fẹ ihò wọn, kíráńkì á sì di ohun àlòkù.

Kẹ́ ẹ tó dì í pátápátá, ẹ wọn àyè tí kíráńkì ní láti lọ síwá-sẹ́yìn. 0.07 sí 0.13 mm ló yẹ kó jẹ́. Tó bá kéré jù, bẹ́ríǹ á gbóná, á sì di. Tó bá pọ̀ jù, bẹ́ríǹ á máa lu igbá ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á sì máa jò sórí kúlọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ọ̀ṣà pẹlẹbẹ 2 sáàárín flywheel àti bẹ́ríǹ láìfi síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) sí i, ẹ di flywheel, ẹ tì í, ẹ fà á, kẹ́ ẹ ka dial gauge, ìyẹn aago tó ń wọn ìrìn kékeré ní mm. Ẹ yọ 0.10 kúrò nínú ohun tí ẹ kà. Èyí tó kù ni ìnípọn ọ̀ṣà kẹta. Bí gauge bá ka 0.44, ọ̀ṣà 0.34 lẹ ń wá. A ní 0.24, 0.30, 0.32, 0.34 àti 0.36. Mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe méjì tó nípọn. Ẹ fi gírísì díẹ̀ sínú bẹ́ríǹ kékeré tó wà nínú gland nut. Bó bá pọ̀, orí kúlọ́ọ̀ṣì náà ló máa lọ.

Irin tí a fi ń mú páálí kúlọ́ọ̀ṣì wà láàárín wà nínú àpò kan náà. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kò ní wọlé, ẹ ó sì máa fi agbára tì í títí páálí á fi tẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì gíà, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà 17 mm lẹ ń fẹ́. Ẹ tú ìdérí òkè ṣáájú ti ìsàlẹ̀, torí bí ti òkè bá kọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti da ọ́ìlì nù, ẹ kò ní ríbi da tuntun sí. Lítà 2.5 ló máa ń gbà bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ SAE 90 GL-4 sí lára.

Àwọn Ìjàpá tí wọ́n tò ní Ọjọ́, ní Èkó, láti 1975, àti àwọn tí wọ́n kó wọlé láti ìlú òkèèrè, wọn kò rí bákan náà lábẹ́. Nítorí náà, ẹ má sọ ọdún ọkọ̀ nìkan fún wa. Ẹ wo ẹ̀yìn: bó bá jẹ́ páìpù ńlá tó ní rọ́bà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ irin tín-ínrín tó ní rọ́bà méjì, bóòtù onígun méjìlá ló sábà máa ń dì í. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ẹrẹ̀ inú orí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ki irinṣẹ́ bọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ̀. Ẹ wọn páálí kúlọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, bóyá 180 ni tàbí 200 mm, kẹ́ ẹ sì ka ihò bóòtù táyà, 4 tàbí 5. Bí ẹ bá ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, a ó ti di àpò yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.