Lẹ́tà sí Olóòtú: Kí Wọ́n Dá Iye Wákàtí Rẹfirí Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn rẹfirí tí ilé ẹjọ́ ń yàn ní ìpínlẹ̀ California láti bá adájọ́ yẹ apá kan ẹjọ́ wò, ìyẹn nínú ẹjọ́ owó, ilẹ̀, iṣẹ́ àti àdéhùn òwò. Ẹ yìn wọ́n gan-an pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹjọ́ yá, wọ́n sì ń gba adájọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà. Mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí ẹ kò fẹnu kàn ni ẹni tó ń sanwó wọn, àti ẹni tó ń bá wọn ṣọ́ aago.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, nítorí náà kò sí bí mo ṣe máa bú rẹfirí. Àwọn ẹjọ́ kan wà tí kò lè lójú láìsí irú wọn. Ẹ wo àwọn méjì tó jọ ṣòwò fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tú ká. Rìsíìtì kún páálí, lẹ́tà ara òmíràn ti ṣá, iye tó wà nínú ìwé báńkì kò bá ti ìwé ìtajà mu. Ọ̀kan ní owó oṣù òun lòun yọ, èkejì ní olè ni. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò jókòó ti àwọn ìwé yìí, yóò fi wọ́n wéra níkọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ fún adájọ́ pé iye báyìí ni kò lójútùú. Adájọ́ tí ẹjọ́ kún iwájú rẹ̀ kò ráyè ìyẹn. Abala 639 nínú òfin California náà ka irú ìṣirò gígùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ìdí tí adájọ́ fi lè yan rẹfirí, bí àwọn ẹlẹ́jọ́ kò tilẹ̀ fẹ́.

Àwọn tó bá fúnra wọn fohùn ṣọ̀kan pé rẹfirí làwọn fẹ́, abala 638 ni tiwọn, ọ̀rọ̀ wọn kò kàn mí. (Àfi bí ìfohùnṣọ̀kan ọ̀hún bá wà nísàlẹ̀ ìwé àdéhùn ilé tí ẹnikẹ́ni kò kà kó tó fọwọ́ sí i. Òfin fàyè gba ìyẹn náà.)

Ibi tó ń dùn mí ni ìgbà tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kó ìwé ọwọ́ rẹ̀ síta fún ẹnì kejì, kí ìgbẹ́jọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà kan béèrè gbogbo lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ kan kọ nípa òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé. Lọ́yà ilé iṣẹ́ ní ìbéèrè náà kò yé òun, ó ti fẹ̀ jù, àṣírí ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀. Ó di ọ̀dọ̀ rẹfirí. Rẹfirí ka ẹ̀sùn, ó ka èsì, ó ka èsì tí wọ́n fi fún èsì, ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó wá kọ ojú ewé mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ ló wọ bíìlì. Ẹni tó fi ìwé pamọ́ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí àṣẹ bá ti ní kí wọ́n pín owó náà sí méjì, àwọn méjèèjì ni yóò san án.

Ká ní 500 dọ́là ni wákàtí kan, tí iṣẹ́ sì gba 40 wákàtí. 20,000 dọ́là nìyẹn, 10,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ ńlá á kọ sọ̀wédowó, ó parí. Òṣìṣẹ́ tó ń wá 60,000 dọ́là owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ná ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó ń wá, kò sì tíì san kọ́bọ̀ fún lọ́yà tirẹ̀. Wọ́n á ní ọgbọọgba ni. Ìka ò dọ́gba.

Kì í ṣe pé òfin kò rí èyí. Ní 1993, nínú ẹjọ́ Solorzano, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní California sọ pé kò tọ́ kí adájọ́ fi ìdajì owó rẹfirí dí ọ̀nà ẹ̀tọ́ mọ́ aláìní. Lónìí, bí adájọ́ bá fẹ́ yan rẹfirí láìsí ìfohùnṣọ̀kan, ó ní láti kọ ọ́ sínú àṣẹ bóyá ẹnì kan wà tí kò lágbára owó náà. Bí ẹnì kan bá wà bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹlòmíràn fínnúfíndọ̀ gbà láti san ìpín rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe aláìní tí kì í sì í ṣe olówó ńkọ́? Òun gan-an ló pọ̀ jù, òun sì ni bíìlì yìí ń jẹ tán.

Àlàfo tó burú jù wà nínú àṣẹ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ó pọn dandan kí wọ́n kọ iye tó ga jù tí rẹfirí lè gbà ní wákàtí kan. Iye wákàtí tó lè ṣe ńkọ́? Wọn ò ní kọ ìyẹn àfi tí ẹlẹ́jọ́ bá béèrè. Ta ni yóò béèrè? Lọ́yà ilé iṣẹ́ ńlá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Tí wọ́n bá dá owó wákàtí kan láìdá iye wákàtí tí iṣẹ́ lè gbà, kí ni wọ́n dá?

Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sàn díẹ̀ lójú mi. Òfin 53 tiwọn ní kí adájọ́ tó pín owó náà, kó wo agbára olúkúlùkù, kó sì wo ẹni tó fà á tí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n yàn ṣe irú iṣẹ́ rẹfirí yìí. Láti 1957 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti sọ nínú ẹjọ́ La Buy pé kí ẹjọ́ kún ilẹ̀ tàbí kó lọ́jú pọ̀ nìkan kò tó ìdí láti gbé gbogbo ẹjọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo fara mọ́ ọn. Bí ìjọba kò bá gba adájọ́ tó pọ̀ tó, kì í ṣe ẹni tó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló yẹ kó fi owó ara rẹ̀ gba òmíràn kún un.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí iye wákàtí wà nínú gbogbo àṣẹ, ẹnikẹ́ni ìbáà béèrè, ìbáà má béèrè. Bí rẹfirí bá fẹ́ kọjá rẹ̀, kó padà wá bá adájọ́. Ẹni tó bá sì fi ìwé pamọ́ láìnídìí ni kó san owó rẹfirí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn lọ́yà lẹ́nu wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè iye wákàtí tó wà nínú àṣẹ tó kẹ́yìn tí wọ́n rí gbà, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín