Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: A Kò Ní Bá Yín Wá Epo Bàálù

Ẹ̀yin oníbàárà wa l'Óṣogbo àti agbègbè rẹ̀, a kí yín, a sì dúpẹ́.

Láti bí oṣù kan báyìí, àwọn tó ń gbé Mọ́rísì àti Land Rover àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ókè-Fíà ń bẹ̀ wá pé ká bá àwọn wá epo bàálù tó ní òjé, nítorí ó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Wọn ò parọ́ tán, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Bàálù ńlá tó ń ná Èkó sí Àbújá kọ́ ni wọ́n ń wí o. Epo tìyẹn jọ kẹrosíìnì, kò sì lójé. Bàálù kékeré tó ní písítìnì àti pọ́lọ́ọ̀gì bíi ti mọ́tò yín ló ń lo epo olójé tí wọ́n ń pè ní 100LL. Wọ́n pa á láró kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Àwa ará ìlú aró, ẹ̀ẹ̀kan la ó mọ̀ ọ́n. Ní 1921 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Thomas Midgley, rí i ní Amẹ́ríkà pé òjé díẹ̀ nínú epo kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún kọ́kọ́kọ́. Bó bá ń dún bẹ́ẹ̀ ní títì Gbọ̀ngán, ẹ ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lókè ńkọ́? Ìdí tí òjé ṣì fi wà nínú epo bàálù nìyẹn, lẹ́yìn tí Àlùjéríà, tó gbẹ̀yìn gbogbo ayé, ti yọ ọ́ kúrò nínú epo mọ́tò ní 2021.

Májèlé ni òjé, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bá jà jù. Ó tún ń gba ara wọlé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń fẹnu fa epo, bí mo ti ń pariwo tó. Irú ilé báyìí kọ́ ni mo máa gbé e wọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ kí epo bàálù olójé dópin kí 2030 tó parí. Kò rọrùn. Ní 2023, Yunifásítì North Dakota, tó ń kọ́ni ní wíwa bàálù, bẹ̀rẹ̀ sí í lo 94UL, epo bàálù tí kò lójé. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n rí i pé síìtì fáàfù, ibi tí fáàfù ń jókòó lé nínú ẹ́ńjìnnì, ń jẹ wọlé, wọ́n bá padà sídìí olójé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Àìsàn Mọ́rísì náà nìyẹn! Òjé a máa tẹ́ ìrọ̀rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín fáàfù àti síìtì. Bí kò bá sí i, irin tó rọ̀ á máa jẹ.

Nítorí náà, tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tí fáàfù wà, ni kí ẹ gbé wá. A ó gbẹ́ síìtì àtijọ́ kúrò, a ó lu irin líle wọ̀ ọ́, a ó sì lọ fáàfù bá a. Bẹntiróòlù ilé epo tó bá wù yín lẹ máa rà lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.