Lọ yẹ ojú rẹ wò kí Iléyá tó dé

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo dúpẹ́ pé ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ojú lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, o ní, "Màámi, mo ń ríran kedere, mo ń ka lẹ́tà wínníwínní ara páálí oògùn." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Èmi náà ń ríran kedere. Mo ń mọ obì tí kòkòrò ti jẹ láìgbé e súnmọ́ ojú. Ohun tí mo kàn rí ni pé mo ń fẹsẹ̀ kọ apẹ̀rẹ̀ tó bá wà lápá òsì mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní Sábó, bẹ́ẹ̀ mo ti wo títì kí n tó sọdá, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní àgbà ló ń dé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, wọ́n bo ojú kan, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ àárín, kí n máa tẹ bọ́tìnì bí iná tíntìntín bá ti tàn. Mo ń tẹ̀ ẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀ pé kò sí èyí tí mo fò. Nígbà tí wọ́n tẹ bébà jáde, ti ojú òsì mi dúdú láti ẹ̀gbẹ́ wá, bí ògiri ilé ìdáná tí èéfín ti jẹ. Iná tàn níbẹ̀, mi ò rí i, mi ò sì mọ̀ pé mi ò rí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

Glaucoma ni wọ́n pè é. Omi kan wà tó ń sun nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé o, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí ọ̀nà náà kò bá jẹ́ kó ṣàn dáadáa, agbára omi á máa ga, iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni, ojú kì í sì í pọ́n. Bí wọ́n bá wọn agbára omi náà, láàárín 10 sí 21 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Tèmi jẹ́ 32. Àwọn kan wà tí tiwọn kò kọjá 21 tí wọ́n sì ní in, nítorí náà, má gbà kí wọ́n kàn wọn agbára omi ojú rẹ nìkan. Kí dókítà tan iná wo ẹ̀yìn ojú náà. Wọ́n lè kán oògùn tó ń mú kí ihò dúdú àárín ojú fẹ̀ sí ọ lójú, má wa mọ́tò lọ.

Kò dà bí èyí tó ń sọ ẹyinjú di funfun, tí wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún téèyàn á tún máa ríran. Èyí tí glaucoma bá ti gbé lọ ti lọ. Ìyókù ni oògùn, iná laser tàbí iṣẹ́ abẹ ń dáàbò bò.

O kò bá ìyá àgbà rẹ lójú ríran. A ní ayé ló ṣe é. Ẹnì kan ní ká máa fi ìtọ̀ fọ ojú náà, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí di òní. Mo gbà báyìí pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà, torí ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní in ló wà nínú ewu jù, ó sì ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú, ó ń le lára wa. O ti pé 36. Má dúró de 40.

Alaalẹ́ ni mo ń kán oògùn tèmi. Màá fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀kán kan péré, màá pa ojú dé, màá fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún bí ìṣẹ́jú méjì, kó má bàa ṣàn sí ọ̀fun. Kò mú kí n ríran jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn pa á tì.

Àti oògùn tí o rà ní kẹ́mísíìtì nígbà tí ojú ọmọ ń yún un: bí o bá rí dexamethasone lára páálí rẹ̀, má fi dá ara rẹ ṣe dókítà. Bí wọ́n bá lò ó pẹ́, ó lè gbé agbára omi inú ojú ga.

Pe ẹ̀gbọ́n rẹ n'Íbàdàn kí òun náà lọ. Bí èrò bá pọ̀ jù l'Ékòó, wá sí OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ṣàgámù níbí, màá bá ọ jókòó lórí ìlà. Mo ti yọ owó àyẹ̀wò náà sọ́tọ̀ nínú owó obì. Bébà tí wọ́n bá fún ọ, mú un bọ̀ ní Iléyá, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Èmi ni ìyá rẹ.