Kí òbí tó gba ìwé ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mí nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá ti fẹ́ wọlé báyìí, àwọn òbí a máa wá gba ìwé tí ọmọ wọn yóò fi kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí ilé-ìwé aládàáni, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń sọ ni pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. N kò bínú sí wọn, nítorí ẹni tó bá rí bí ọmọ mẹ́rin ṣe ń há ara wọn mọ́ orí bẹ́ńṣì kan kò ní dá òbí lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kàwé tó ń yé wọn.

Wọ́n kó kọ̀ǹpútà wá fún àwa náà rí. Iná kò dúró, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ àwa olùkọ́ bí a ó ṣe lò ó, ni a bá tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Fóònù ọwọ́ mi ló wá ṣiṣẹ́ fún mi. Mo máa ń fi gba ohùn ọmọ sílẹ̀ bó ṣe ń kàwé, n óò sì jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀. Ọmọ kan ka “Bàbá gbé ọkọ́ lọ sóko” bí ẹni pé ọkọ̀ ni bàbá gbé. Nígbà tó gbọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló ké pé, “Mà, bàbá kò ní mọ́tò!” Ọjọ́ yẹn ló yé e pé àmì orí ọ̀rọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe, láti ìgbà náà ni kì í sì í sáré kàwé kọjá ohun tí kò bá yé e mọ́.

Èdè ilé ọmọ ló jẹ́ kó rí àṣìṣe náà. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970 nìyẹn: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó dùn mí pé títí di òní, a ṣì ń rí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, tí òbí rẹ̀ sì ń sanwó fún un.

Bí ìjọba bá ní owó tí wọ́n fẹ́ ná lé wa lórí, ìwé kíkà Yorùbá ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó wá fún kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ní ti ẹ̀yin òbí, ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń kàwé sókè. Ẹ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín, lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ gba ìwé rẹ̀, èmi fúnra mi ni n óò bá yín kọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.