Ẹ wá ibi tí ìṣirò ti já mọ́ ọmọ lọ́wọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀rù máa ń bà tí wọ́n bá ti rí ìwé ìṣirò la fẹ́ bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ. Àwọn kan ní ọpọlọ ọmọ ni kò gbé e. Irọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibì kan ni ìṣirò ti já mọ́ ọn lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sì bá a so ó.

Lágbègbè wa, láti Kàbà dé Ìsánlú, táàmù kejì ni kajú máa ń já. Ọmọ tó bá òbí rẹ̀ ṣa kajú lóko fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, owó ilé ìwé rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an ni kíláàsì kọ́ ìyọkúrò tó ní yíyá nínú, àlàfo ti dé nìyẹn. Á kọ́kọ́ máa yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Kò pẹ́, kò ní nàwọ́ mọ́. Tó bá fi máa dé Praimárì 5, òun fúnra rẹ̀ á ti máa pe ara rẹ̀ ní olódo.

Ẹ fún un ní 62 − 38. Tó bá kọ 36, ẹ má tíì fa bírò pupa yọ. Ó yọ 3 kúrò nínú 6, ó sì yọ 2 kúrò nínú 8, torí ẹnì kan ti sọ fún un rí pé inú èyí tó pọ̀ là ń yọ èyí tó kéré kúrò. Òfin kan ló ń tẹ̀ lé. Bí a bá nà án, òfin yẹn ṣì máa wà lórí rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀rù la kàn fi kún un.

Ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, kó sì fi èdè ilé rẹ̀ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ Owé, Bùnú, Ìjùmú tàbí Ìyàgbà. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì dí lẹ́nu kì í ṣe ọmọ tí kò mọ nǹkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dán èyí wò ní Ifẹ̀ láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá igi ìgbálẹ̀. Ẹ fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá: ìdì mẹ́fà, ẹyọ méjì síta. Ẹ ní kí ọmọ yọ 38. Ọwọ́ rẹ̀ á dúró níbi 8, torí ẹyọ méjì péré ló rí. Ẹ má sọ̀rọ̀. Òun náà ló máa tú ìdì kan. Ẹyọ á di 12, á yọ 8, á ku 4. Ìdì márùn-ún ló ṣẹ́ kù, á mú 3 kúrò, á ku 2. Ó di 24. Kó ṣe irú rẹ̀ bíi mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó máa fa ilà sínú ìwé dípò igi. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, kó fi nọ́ńbà nìkan ṣe é. Ibi tí olùkọ́ ti ń bà á jẹ́ ni kó gba igi lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ kan náà, kó sì sáré gbé 302 − 165 fún un. Òdo àárín yẹn le: kò sí ìdì mẹ́wàá tí yóò tú, àfi kó kọ́kọ́ tú ọgọ́rùn-ún kan sí ìdì mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kíyẹn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1977 pé ohun tó ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀ jù lórí iṣẹ́ ni kó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó sì yọrí. Ìdí nìyí tí "o lè ṣe é" tí a ń pariwo kì í fi í pẹ́ lára ọmọ. Tí ẹ bá máa yìn ín, ẹ dárúkọ ohun tó ṣe: "O káre, o rántí tú ìdì kan kó o tó yọ."

Ẹ máa dúró dè é pẹ̀lú. Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́, ṣàkíyèsí ní Amẹ́ríkà pé bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni olùkọ́ ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n fà á dé mẹ́ta, ìdáhùn gùn sí i, àwọn tó máa ń dákẹ́ sì ń dáhùn.

Ẹ̀yin òbí, ogún ìṣẹ́jú tó lálẹ́. Ìbéèrè márùn-ún: mẹ́ta tó mọ̀ dunjú ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ọ̀kan láti ibi tó já. Ẹ tún bi í lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìwé ní pípadé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn ọ̀gá ilé ìwé: ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní táàmù kẹta, ẹ fún àwọn ọmọ láti Praimárì 4 sókè ní ìbéèrè mẹ́wàá, méjì méjì lórí ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti ìdá. Ẹ má kọ máàkì sí i, ẹ má tò wọ́n ní ipò. Ẹni tó ṣi ọ̀kan nínú méjì lè jẹ́ pé ó kánjú ni. Ẹni tó ṣi méjèèjì lọ́nà kan náà, ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti bá a bẹ̀rẹ̀.

Àwa olùkọ́ kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí