Sí Fọláké: Kí o tó pín fọ́ọ̀mù yẹn

Challenge,
Ìbàdàn.

Fọláké ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Inú mi dùn gan-an pé ìwọ ni wọ́n fi sídìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ ní Kánádà, àti pé o fẹ́ wádìí ohun tó wà lọ́kàn wọn. Jọ̀wọ́, gbọ́ tèmi kí o tó pín fọ́ọ̀mù.

Ìbẹ̀rù ló ń ba irú ìwádìí yìí jẹ́ jù. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí lápá Olúyọ̀lé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ká má kọ orúkọ. Àmọ́ wọ́n ní ká kọ ẹ̀ka wa, ọjọ́ orí wa, bóyá ọkùnrin ni wá tàbí obìnrin. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní sítóò! Súpáfáísọ̀ fúnra rẹ̀ ló tún ń gba ìwé náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú wa. Ni gbogbo wa bá ní kò sí wàhálà níbi gbogbo, àfi ti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í yọ. Fọláké, má béèrè ohun tí o kò ní lò. Ẹ̀ka tí èèyàn rẹ̀ kò bá tó márùn-ún, pa á pọ̀ mọ́ òmíràn kí o tó gbé èsì jáde. Má sì jẹ́ kí ọ̀gá wọn fọwọ́ kan ìwé náà rárá.

Má sì kó ìbéèrè méjì sínú ọ̀kan, bíi: "Ṣé owó oṣù àti ìwà ọ̀gá rẹ tẹ́ ọ lọ́rùn?" Ẹni tí owó tẹ́ lọ́rùn àmọ́ tí ọ̀gá ń bú láràárọ̀, èwo ni kó mú? Ya ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí méjì. Ìlànà "mo gbà gan-an" dé "n kò gbà rárá" tí Rensis Likert, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1932 wúlò, ṣùgbọ́n fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ tẹnu wọn. Má jẹ́ kó gùn. Ẹni tó bá ti rẹ̀ á kàn máa sàmì sí i láìka ìbéèrè ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé a kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn náà, omi náà kò sì yọ. Nígbà tí wọ́n tún gbé fọ́ọ̀mù dé, àwọn kan fi tiwọn nu epo ọwọ́. Sọ èsì fún wọn láìpẹ́, títí kan ibi tí agbára yín kò dé. Ohun tí o bá mọ̀ pé ẹ kò lè ṣe, má dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn.

Tí o bá kọ àwọn ìbéèrè náà tán, fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n bá ọ kà á. Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bùkọ́lá